Ẹmu Kì í Dúró De Oníbodè: ìtàn ẹmu kíkan láti Àjàṣẹ́ dé Ṣábẹ

Ní apá Faransé àwọn ìwé wa yìí, «vin de palme» ni a máa ń pe ẹmu. Èmi náà ti lo orúkọ yìí púpọ̀, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń ka ìtàn òwò ọtí ní etíkun wa sí i ni mo ń rí i pé ó ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Wáìnì jẹ́ ohun tí wọ́n ń rọ sínú àgbá, tí wọ́n ń tì mọ́ yàrá abẹ́ ilẹ̀, tí ọdún ń gorí ọdún, tí owó rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i. Ẹmu àárọ̀ ti di nǹkan mìíràn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó bá pe ẹmu ní wáìnì yóò máa wò ó bíi wáìnì tí kò yege, yóò sì máa bèèrè ìdí tí àwọn baba wa kò fi mọ bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀ pamọ́.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé àìdúró ẹmu yìí kì í ṣe àbùkù tí òpìtàn lè fò kọjá. Ohun tí kì í dúró kò ṣeé kó jọ, kò ṣeé kó lọ sí ọ̀nà jíjìn, kò sì rọrùn láti gba owó ibodè lórí rẹ̀. Nítorí náà, bí ọba, oníṣòwò, ìjọba amúnisìn àti onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe ń dé ilẹ̀ yìí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ló bá ẹmu ṣe awuyewuye, kálukú pẹ̀lú ìdí tirẹ̀.

Èdè wa fúnra rẹ̀ ti pààlà kan tí èdè Faransé kò pa. Ẹmu ni a ń dá; ọtí bàbà àti ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni a ń pọn. Adẹ́mu kì í pọn nǹkan kan. Ó ń ṣí ọ̀nà fún omi tó wà nínú igi, ó gbé agbè sí i lẹ́nu, ó sì ń bọ̀ wá wò ó láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ẹni tó ń pọntí ní iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́ níwájú rẹ̀ kó tó rí ohun tí yóò bù fún ẹnikẹ́ni. Mo tún rántí pé nígbà tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì, wọn kò fi ẹmu dípò wáìnì. Ọtí-wáìnì ni wọ́n kọ, wọ́n mú ọ̀rọ̀ àjèjì náà wọlé. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé ibi tí wáìnì ti bàjẹ́, wọn kò ní láti yá ọ̀rọ̀ kankan: ọtí kíkan ti wà nílẹ̀, gbogbo ènìyàn ló sì mọ̀ ọ́n.

Kí a wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú agbè. Omi ọ̀pẹ mọ́, ó sì dùn. Nǹkan bíi 10 sí 12 nínú 100 rẹ̀ ni ṣúgà. Kò sí ọtí kankan nínú rẹ̀ nígbà tó wà nínú igi. Bó ṣe ń kán sínú agbè ni ó ń bá àwọn kòkòrò àìfojúrí pàdé: ìwúkàrà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Saccharomyces, bakitéríà kan tó ń jẹ́ Zymomonas, àti àwọn bakitéríà irú èyí tó ń mú kí wàrà kan. Wọ́n wà lára agbè, lára ọ̀bẹ, lára eṣinṣin, nínú afẹ́fẹ́. Ṣúgà pọ̀, ooru ilẹ̀ wa sì bá wọn lára mu. Láàárín wákàtí díẹ̀ ẹmu ti ń hó, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì tó mọ́, ọtí inú rẹ̀ lè ti tó 4 tàbí 5 nínú 100. Lẹ́yìn náà ni àwọn bakitéríà mìíràn, tí wọn kò lè ṣe láìsí afẹ́fẹ́, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọtí yẹn di ọtí kíkan.

Ẹ fi èyí wé ìṣòro ẹni tó ń ṣe wáìnì nínú ilé rẹ̀ ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ẹ̀rù tirẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé kí iṣẹ́ má bẹ̀rẹ̀, tàbí kí ó bẹ̀rẹ̀ kó sì dákú sí agbede méjì nígbà tí ṣúgà ṣì kù. Òtútù lè fa èyí; ìwúkàrà tí kò rí oúnjẹ tó lè fà á; ṣúgà tó pọ̀ jù pàápàá lè fà á. Nítorí náà, yóò gbé ìkòkò rẹ̀ sí ibi tó móoru, yóò ra ìwúkàrà tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún wáìnì, yóò sì dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ̀rù kejì ni afẹ́fẹ́, nítorí ibi tí afẹ́fẹ́ bá ti wọlé ni kíkan ti ń wọlé. Ó ní ìdérí kan tó ń jẹ́ kí atẹ́gùn inú jáde láì jẹ́ kí ti òde wọlé, ó sì ń fi imí ọjọ́ pa àwọn kòkòrò tí kò fẹ́. Àwọn aláàgbá wáìnì ti ń sun imí ọjọ́ nínú àgbá fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún kí ẹnikẹ́ni tó lè ṣàlàyé ohun tó ń ṣe.

Adẹ́mu ilẹ̀ wa kò ní ẹ̀rù àkọ́kọ́ yìí rárá. Mi ò tíì gbọ́ ọ ríi kí adẹ́mu ráhùn pé ẹmu òun kọ̀, kò hó. Gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ wà ní apá kejì, ní bí yóò ṣe fa ọwọ́ aago sẹ́yìn. Ìmọ̀ tí wọ́n kó jọ ní Yúróòpù sì ni wọ́n fi ń dá wa lẹ́jọ́ títí di òní.

Louis Pasteur ló kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀ ní ilé ìwádìí. Ní 1857 ó kọ̀wé nípa kíkan wàrà, ó sì sọ pé ohun alààyè ló ń fà á. Ní 1863, Ọba Napoleon Kẹta ní kó wá wádìí ohun tó ń ba wáìnì ilẹ̀ Faransé jẹ́, nítorí wáìnì tó ń bàjẹ́ lójú ọ̀nà ń ba òwò wọn jẹ́. Ìwé tó kọ lórí rẹ̀ jáde ní 1866: ó fi hàn pé àrùn wáìnì kọ̀ọ̀kan ní kòkòrò tirẹ̀, àti pé bí a bá mú wáìnì gbóná dé nǹkan bí 50 sí 60 ní ìwọ̀n Celsius, kòkòrò náà yóò kú. Ẹ ṣàkíyèsí ọdún 1863 yẹn. Ọdún kan náà ni ilẹ̀ Faransé kọ́kọ́ na ọwọ́ ààbò sórí Àjàṣẹ́, nígbà ayé Ọba Sodji. Mi ò sọ pé ọ̀kan ló fa èkejì. Ṣùgbọ́n ìdí owó kan náà ló wà lẹ́yìn méjèèjì: ohun mímu tó bá dúró pẹ́ ni ọkọ̀ ojú omi lè gbé.

Ọ̀rọ̀ Zymomonas tún jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ní 1912 àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì, Barker àti Hillier, ròyìn bakitéríà kan tó ń ba ọtí èso ápù jẹ́. Àrùn ni wọ́n pè é. Ní Mẹ́síkò, onímọ̀ ará Jámánì kan, Lindner, rí irú rẹ̀ nínú pulque, ọtí tí wọ́n ń fà lára igi agave. Níbẹ̀, òun ló ń ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú ẹmu. Bí ó bá jẹ́ pé Pọbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, bóyá ẹnikẹ́ni kì bá tí pè é ní àrùn.

Ọgbọ́n adẹ́mu ni ó yẹ kí n pẹ́ lé lórí, nítorí òun ni ìwé kò kọ. Nígbà tí mo bá àwọn adẹ́mu jókòó ní ẹ̀bá Pọbẹ̀ àti Ṣakété, ọ̀rọ̀ agbè ló gba ẹnu wọn jù. Agbè tí a fi omi gbígbóná fọ̀ dáadáa máa ń jẹ́ kí ẹmu pẹ́ ní dídùn. Agbè tí a kò fọ̀, tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àná ṣì lẹ̀ mọ́ nídìí, máa ń mú kó le kíákíá. Àwọn tí kò mọ iṣẹ́ náà á rò pé ìdọ̀tí lásán ni èyí, pé adẹ́mu kan jẹ́ onímọ̀ọ́tótó, ìkejì jẹ́ ọ̀bùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oníbàárà ni wọ́n ń wò. Ìyá ọlọ́mọ tó fẹ́ èyí tó dùn, agbè fífọ̀ ni tirẹ̀. Àwọn àgbà tó ń bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kì í fẹ́ ẹmu tó dà bí omi ṣúgà. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn ni ìwúkàrà tí oníwáìnì òyìnbó ń fi owó rà.

Ọgbẹ́ ara igi náà ní òfin tirẹ̀. Bí a kò bá fi ọ̀bẹ mímú fá a lójoojúmọ́, yóò dí, omi yóò sì dín. Ní ìhà gúúsù Benin, níbi tí wọ́n ti ń wó ọ̀pẹ lulẹ̀ kí wọ́n tó dá a, iná tún wọ̀ ọ́: wọ́n á mú ewé tàbí ìtùfù tó ń jó wọ inú ihò tí wọ́n gbẹ́ sí igi náà, kí omi lè máa sun. Iná yẹn tún ń pa díẹ̀ nínú àwọn kòkòrò tó ti gba ibẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní ilẹ̀ Yorùbá ti Nàìjíríà, igbà ni akọ̀pẹ ń fi gun igi láàyè, ọ̀pẹ náà yóò sì tún so. Ní ìhà ìlà-oòrùn Nàìjíríà, wọ́n máa ń fi èèpo igi kan tí orúkọ rẹ̀ ní ìwé sáyẹ́ǹsì ń jẹ́ Saccoglottis gabonensis sínú ẹmu láti dá kíkan rẹ̀ dúró. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn, tí Bassir àti Faparusi wà lára wọn, ti wádìí ẹmu àti èèpo yìí.

Bí a bá gòkè dé Ṣábẹ, ìṣòro náà yí ojú padà. Ilẹ̀ pápá ni, ọkà bàbà àti àgbàdo ló pọ̀ níbẹ̀, obìnrin ló sì ń pọn ọtí. Tchakpalo ni ọ̀pọ̀ ń pè é ní agbègbè Ṣábẹ àti Ìdàáṣà. Tchoukoutou ni ti àríwá. Ọkà kò ní ṣúgà tó ṣeé lò lójú ẹsẹ̀, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ rẹ ẹ́, kí wọ́n jẹ́ kó hù, kí wọ́n sá a, kí wọ́n lọ̀ ọ́, kí wọ́n sì sè é. Sísè yìí ló fa ọ̀ràn: iná ti pa gbogbo ohun tó lè mú un hó. Ìgbà tó bá tutù, ó ń dúró de ẹni tí yóò jí i. Àwọn tó ń pọn tchoukoutou ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní kpètè-kpètè, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó kù láti inú ọtí ìṣáájú, òun ni wọ́n ń dà sí i. Ẹni tí kpètè-kpètè rẹ̀ bá bàjẹ́ ní láti lọ bẹ aládùúgbò rẹ̀. Ẹ wá rí i pé ìṣòro oníwáìnì òyìnbó, ìyẹn bí iṣẹ́ yóò ṣe bẹ̀rẹ̀, àwọn obìnrin ilẹ̀ wa ti yanjú rẹ̀ láìsí ilé ìwádìí kankan.

Mo padà sí ọ̀pẹ, nítorí ibẹ̀ ni àwọn aláṣẹ ti gbé ọwọ́ lé e. Nígbà tí òwò epo pupa gbilẹ̀ láàárín ọ̀rúndún 19, ọ̀pẹ kan wá di ohun tí ènìyàn méjì ń jà lé lórí. Bí a bá wó o fún ẹmu, owó dé láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó sì parí. Bí a bá fi sílẹ̀, yóò so eyín fún ọ̀pọ̀ ọdún, a ó rí epo àti èkùrọ́ nídìí rẹ̀. Ghezo, tó jọba Dàhòmì láti 1818 sí 1858, ka wíwó ọ̀pẹ fún ẹmu léèwọ̀. Wọ́n sọ igi náà di ohun ọ̀wọ̀. Àwọn kan máa ń ka èyí sí ìwà ọlọgbọ́n ọba tó fẹ́ràn igi. Ojú tí mo fi wò ó yàtọ̀. Epo ṣeé rọ sínú àgbá, ó ṣeé wọ̀n, ó ṣeé gba owó òde lé lórí bó ṣe ń lọ sí Whydah níbi tí ilé òwò Régis ará Marseille ti ń rà á láti 1841. Ẹmu kò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀. Ọba kan kò lè gba ìdámẹ́wàá ohun tí ẹni tó dá a ti mu kí oníbodè tó jí.

Àwọn ará Kétu, tí ìlú wọn ní ẹnubodè olókìkí Àkàbà Ìdènà, mọ ohun tí oníbodè túmọ̀ sí dáadáa. Wọ́n tún mọ ohun tí Dàhòmì jẹ́: ogun Glele, ọmọ Ghezo, ló pa Kétu run ní 1886, àwọn tó kù kò sì tún ìlú náà tẹ̀ dó títí àwọn Faransé fi ṣẹ́gun Abọ́mẹ̀.

Ohun mímu tó lè dúró de oníbodè ti ń gba òkun wọlé ní àkókò yìí. Jíìnì ni. Láti Hamburg àti Rotterdam ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá, nínú àpótí àti nínú garawa gíláàsì. Kì í kan, kì í hó, ó lè wà nínú àjà ilé fún ogún ọdún, àwọn ènìyàn sì ń fi ṣe owó àná àti owó ìsìnkú. Mi ò rò pé adùn rẹ̀ nìkan ló fún un ní ipò yẹn. Ohun tó ṣeé tọ́jú nìkan ló lè di ọrọ̀.

Nígbà tó yá, àwọn ìjọba Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé nítorí ọtí yìí. Àdéhùn Brussels ti 1890 ya ilẹ̀ Áfíríkà láti ìlà 20 ní àríwá dé ìlà 22 ní gúúsù sọ́tọ̀ fún ìdíwọ́ òwò ọtí líle. Ní 1899 wọ́n tún pàdé ní Brussels, wọ́n sì gbé owó ibodè dé fránkì 70 lórí ọgọ́rùn-ún lítà, àfi ní Tógò àti Dàhòmì nìkan, tí wọ́n gbà kó jẹ́ 60. Àfi yìí sọ nǹkan fún wa. Ilẹ̀ tóóró ni àwọn ilẹ̀ méjèèjì, ààlà sì wà nítòsí ní gbogbo ìhà. Láti Àjàṣẹ́, ọkọ̀ ojú omi lè gba ọ̀sà dé Èkó. Owó ibodè orí ọtí sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí ìjọba fi ń jẹun. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìlera àwọn ènìyàn dúdú, wọ́n sì ń ka fránkì lábẹ́ tábìlì. Nínú gbogbo àdéhùn yìí, ẹmu kọ́ ni wọ́n ń bá jà. Ọtí líle ni.

Àdéhùn Saint-Germain-en-Laye ti oṣù kẹsàn-án ọdún 1919 lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dènà kíkó àwọn ọtí òwò olówó pọ́ọ́kú wọlé, ó sì dènà ṣíṣe ọtí líle ní ilẹ̀ náà pẹ̀lú, títí kan kíkó ohun èlò tí wọ́n fi ń sè é wọlé. Àkókò náà gan-an ni sódábì dé. Ìtàn tí a máa ń gbọ́ jù ni pé ọkùnrin kan ará agbègbè Allada, tí orúkọ ìdílé rẹ̀ ń jẹ́ Sodabi, lọ sí ogun àgbáyé kìíní ní ilẹ̀ Faransé, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń sè ọtí níbẹ̀, ó sì mú ọgbọ́n náà bọ̀ wálé láti fi ṣe ẹmu. Bí ìtàn náà bá rí bẹ́ẹ̀, ọmọ ogun tí wọ́n kó lọ jà fún ilẹ̀ Faransé ló gbé ohun tí àdéhùn ń lé kúrò padà wá sílé.

Iṣẹ́ sódábì rọrùn láti ṣàlàyé. Ọtí máa ń di ooru ní ìwọ̀n 78, omi ní 100. Bí a bá gbé ẹmu tó ti hó tán ka iná nínú garawa tí a dì lẹ́nu, tí a sì mú ọ̀pá bàbà tàbí irin gba inú omi tútù kọjá, ohun tó ń kán ní òpin ọ̀pá náà yóò le ju ẹmu lọ ní ìlọ́po púpọ̀, ó sì lè kọjá 40 nínú 100. Kòkòrò kankan kò lè gbé inú rẹ̀ mọ́. Èyí ni mo pè ní ìdáhùn sí àìdúró ẹmu. Pasteur mú wáìnì gbóná kí ó lè dúró bí wáìnì. Àwọn ará Allada mú ẹmu gbóná títí ó fi kúrò ní ẹmu. Ẹmu tí ọjọ́ ti kọjá lórí rẹ̀, tí kò rí oníbàárà mọ́, di ohun tó lè rin ìrìn-àjò lọ sí Ṣábẹ nínú ìgò. Ìjọba amúnisìn fòfin dè é. Wọ́n ní májèlé ni. Ìgò rẹ̀ kì í gba ibodè kọjá, ìyẹn náà wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ májèlé yìí kò tíì tán. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ọ̀pọ̀ ènìyàn kú ní agbègbè Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àwọn kan kọ́kọ́ sọ pé oògùn tí wọ́n fi ń pa koríko ni. Ìwádìí wá fi hàn pé mẹ́tánọ́ọ̀lù ló pa wọ́n, nínú ògógóró tí wọ́n mu. Lẹ́yìn náà ìjọba Nàìjíríà kéde pé kí ẹnikẹ́ni má tà á mọ́. Ohun tó yẹ kí a mọ̀ nìyí: mẹ́tánọ́ọ̀lù máa ń wá láti inú èèpo àti ẹran ara èso, omi ọ̀pẹ kò sì ní púpọ̀ nínú ohun tó ń di í. Ẹmu tí a sè kì í fúnra rẹ̀ mú iye tó ń pa ogunlọ́gọ̀ ènìyàn jáde. Ibi tí irú ikú bẹ́ẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀, ẹni tó da kẹ́míkà ilé iṣẹ́ mọ́ ọtí kí ó lè pọ̀ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wá. Bí a bá ń fi gbogbo ẹ̀bi lé adẹ́mu àti ìyá tó ń sè é lórí, ẹni tó da kẹ́míkà yóò máa ríbi sá sí.

Wọ́n ti gbìyànjú láti fi ọ̀nà Pasteur gan-an tọ́jú ẹmu. Ilé ìwádìí iṣẹ́ ọwọ́ ti ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ní Òṣòdì ṣe ẹmu inú ìgò, wọ́n mú un gbóná kí ó lè pẹ́. Ó pẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ooru tó pa ohun tó ń mú un kan pa ohun tó ń mú un hó pẹ̀lú, ẹni tó bá sì mọ ẹmu àárọ̀ yóò mọ̀ pé èyí ti sinmi jù. Tèmi ni pé kò sí ohun tó burú níbẹ̀, bí a kò bá ti pè é ní àtúnṣe ẹmu. Ohun mímu mìíràn ni, gẹ́gẹ́ bí sódábì ṣe jẹ́.

Nǹkan tó kan ilẹ̀ àti igi ló ká mi lára jù. Ní 1922 ni wọ́n dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ ní Pọbẹ̀, epo sì ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Àwọn igi tó ń ti ibẹ̀ wá, epo wọn ni wọ́n fi yàn wọ́n. Lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ mìíràn, ní pàtàkì lórí ilẹ̀ gíga àwọn Ajá ní ìwọ̀-oòrùn, ọ̀pẹ jẹ́ ohun tí wọ́n ń gbìn kí ilẹ̀ lè sinmi. Àwọn àyálégbé ń dá oko sábẹ́ rẹ̀ nígbà tó kéré. Bí ó bá dàgbà tó dí ojú ọ̀run, wọ́n á kúrò. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ onílẹ̀ á wó o, ẹmu rẹ̀ á di sódábì, owó sódábì á sì san owó ìtúnlẹ̀ṣe. Wíwó ọ̀pẹ níbẹ̀ kì í ṣe ìfiṣòfò bí Ghezo ṣe rò. Ó wà nínú ètò oko. Ṣùgbọ́n ọkùnrin ló sábà máa ń gba owó ẹmu, obìnrin ló sì ń sè epo, tó ń pa èkùrọ́, tó ń yọ àdín. Ọjọ́ tí onílẹ̀ bá pinnu pé igi ti tó wó, owó méjì ló ń yí ọwọ́ padà, a kì í sì í bèèrè lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì.

Àkójọ ìwé ìjọba orílẹ̀-èdè Benin wà ní Àjàṣẹ́ níbí. Àgbá epo, àpótí jíìnì àti fránkì ibodè ni àwọn akọ̀wé ìgbà náà mọ̀ ọ́n kà. Ẹmu kò sí nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, nítorí kò kọjá lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá fẹ́ kọ apá yẹn nínú ìtàn ìlú yìí yóò ní láti lọ jókòó ti adẹ́mu, kí ó bèèrè agbè wo ló ń fọ̀ àti èyí tí kì í fọ̀, kí ó tètè lọ, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń fi jálá oníke rọ́pò agbè.